Àpótí Ìròyìn Ìyá Àgbà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ilé-ìwé ọmọ ọmọ mi parí sáà, wọ́n sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo òbí. Ọmọ mi kà á sí mi létí bí mo ṣe ń fọ́ àgbọn lọ́wọ́. Ohun gbogbo ló dára nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kọrin, wọ́n jó, wọ́n gba ẹ̀bùn. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wọ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ àti fìlà onígun mẹ́rin bí ẹni tó ń jáde ní yunifásítì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń ké títí àwọn ará àdúgbò fi ń di etí. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo bi í pé, "Ṣé kò sí ọmọ kankan tó ṣàìsàn ní gbogbo sáà yìí ni? Ṣé òjò kò wọlé? Ṣé tíṣà kankan kò sunkún?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Lóòótọ́ ni, mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn tó bá dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo máa ń fura sí i bí ẹja tí kò rùn rárá. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ló fà á.

Etí ọ̀sà ni ilé wa wà, ní òdìkejì omi sí Àgbádárìgì, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọ̀sà àti òkun. Bí ènìyàn bá jí láàárọ̀, omi méjì ló máa gbọ́: òkun tó ń bú lẹ́yìnkùlé, àti ọ̀sà tó ń lá ìdí ọkọ̀ níwájú ilé. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í họ yanrìn, adìẹ yóò máa ké pé wọ́n lé òun, Ìyá Àgbà yóò sì wú ikọ́ kan, ikọ́ tó ń sọ fún gbogbo wa pé iṣẹ́ ti yá. Ìyá Àgbà ló bí bàbá wa. Bàbá àti ìyá wa ti bá àwọn apẹja lọ sí ìhà Kútọnu, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sẹ́nàmí, sí. Ẹja ló ń yan. Ààrò rẹ̀ tó fi amọ̀ mọ wà lábẹ́ àtíbàbà tí a fi imọ̀ àgbọn bò, èéfín èèpo àgbọn sì ti wọ inú aṣọ ilé-ìwé wa débi pé bí òjò bá pa wá, àwa fúnra wa á máa rùn bí ọbẹ̀. Ègùn ni Ìyá Àgbà. Ègùn ló fi ń bínú, Ègùn ló fi ń gbàdúrà, Yorùbá ló fi ń tajà ní ọjà Àgbáláta. Ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, á pa méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń fi àgbọn mu gààrí.

Ohun tó mú ilé wa yàtọ̀ ni àpótí ìjókòó kékeré kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ẹnikẹ́ni tó bá jáde nílé lọ́jọ́ náà, ìbáà ṣe odò ló lọ, ìbáà ṣe ìlú Ikoga, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́ àfi tó bá jókòó sórí àpótí yẹn, kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà sì ní ètò. Èyí tí kò dáa la kọ́kọ́ ń sọ: ta ló ń ṣàìsàn, ta ló kú, ọkọ̀ ta ló fọ́, ta ló ń bá ta jà. Lẹ́yìn ìyẹn lèyí tó dáa á tẹ̀ lé e. Tí o bá sọ ọ́ tán, Ìyá Àgbà á wò ọ́ lójú, á ní, "Kí ló kù?" Bí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ mọ́, o máa dáhùn pé, "Ó ku oúnjẹ." Ìgbà yẹn ló máa ṣí ìkòkò. Àmọ́ bí ohun kan bá ṣì wà nínú rẹ, ó máa mọ̀. Mi ò mọ bó ṣe ń mọ̀. Á kàn fi ọwọ́ lé ọmọrí ìkòkò ni, kò ní ṣí i, ebi á sì bá ọ fa òótọ́ jáde.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí a kì í fi ayọ̀ ṣáájú. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn apẹja lòun ti bá a. Bí ọkọ̀ bá ń ti ojú òkun bọ̀, tí àwọn obìnrin sì ti dúró létí omi, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kígbe ẹja kí wọ́n tó kígbe orúkọ ẹni tí omi gbà, bó bá wà. Ó ní, "Kò dáa kí obìnrin kan máa jó torí ẹja, kí ẹnì kejì ẹ̀ máa fojú wá bàbá ọmọ ẹ̀ kó má rí i. Ẹ jẹ́ ká sunkún tán ná. Ẹni tó bá sunkún tán ló lè jẹun." Mo ti dàgbà báyìí, mo ti gbọ́ ìwàásù tó gùn bí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, n ò tíì gbọ́ ọgbọ́n tó ju ìyẹn lọ.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìyá Àgbà. Kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀ láti yí ẹja lórí ààrò, á pẹ́ kó tó nàró, á sì di òpó àtíbàbà mú bí ẹni tó fẹ́ bi í ní nǹkan. Àkókò sáwá ló sì ń bọ̀ lọ́nà, ìgbà tí ẹja tín-ín-rín yẹn máa ń pọ̀ débi pé iná ààrò kì í kú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a jẹun tán, ó pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Sẹ́nàmí."

"Mà?"

"Tí ilé-ìwé yín bá ti parí sáà yìí, kò sí pé ò ń padà mọ́. O ó dúró tì mí nídìí ààrò. Àbúrò ẹ á máa lọ."

Sẹ́nàmí kúnlẹ̀ níbi tó wà. "Ẹ ṣé, mà," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó kó abọ́, ó lọ fọ̀ wọ́n létí ọ̀sà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ wò ó, abọ́ kan ṣoṣo ló ń fi yanrìn họ, abọ́ tó ti mọ́ tipẹ́. Kíláàsì karùn-ún ló wà. Kò sí ohun tí ojú rẹ̀ lè bá pàdé tí kò ní kà: ara páálí ọṣẹ, ara àpò sìmẹ́ǹtì, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi wé ẹja. Ẹ má bínú sí Ìyá Àgbà o. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí, mi ò rí ibi tó ti jẹ̀bi. Ẹ̀yìn tó ń dunni kì í dúró de ìdánwò àṣejáde, ilé kò sì ní ọwọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, inú mi sì bàjẹ́ gan-an.

Ilé-ìwé ìjọ ni ilé-ìwé wa. Ó wà lódìkejì ọ̀sà, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan tí igi fúrúùtù ńlá ṣíji bo. Bàbá Músílíù, àbúrò bàbá wa àgbà, ló ń fi ọkọ̀ gbé wa sọdá. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ kò sí orin ìsìn ilé-ìwé wa tí kò mọ̀, torí inú ọkọ̀ la ti máa ń kọ ọ́ láràárọ̀. Bí a bá ṣi ohùn, á gbé àjẹ̀ dúró, á ní ká padà sẹ́yìn, ká tún un kọ. Obìnrin gíga kan tí gbogbo wa ń pè ní Mísìsì ni ọ̀gá ilé-ìwé. Tí ẹ bá ní kí n máa yìn ín, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa níbí. Kì í pariwo. Bí ọmọ kan kò bá wá fún ọjọ́ bíi mélòó kan, á wọ ọkọ̀, á lọ wò ó nílé, á jókòó ti àwọn òbí rẹ̀, á bá wọn já ewébẹ̀, kó tó di pé ó dá ọ̀rọ̀ ilé-ìwé sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà ni mo fẹ́ràn jù láyé mi. Ìdánwò ti parí, ẹgba ti lọ sinmi. Àwọn ọmọkùnrin á máa gé koríko, àwa obìnrin á ru àga àti tábìlì lọ sétí ọ̀sà, a ó fi yanrìn àti èèpo àgbọn bó wọn títí igi wọn á fi funfun. Àga míì á já lọ lórí omi, a ó máa lé e bí ẹni ń lé pẹ́pẹ́yẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ á máa wọlé: ìgbálẹ̀, ẹní, apẹ̀rẹ̀, fìlà tí a fi imọ̀ àgbọn hun, ìyá ọmọ ló hun ún, ọmọ ló ń gba máàkì rẹ̀. Lábẹ́ igi fúrúùtù, kíláàsì kẹrin á máa kọ́ eré wòlíì tó sá fún Ọlọ́run tí ẹja fi gbé e mì. Èyí tó tóbi jù ni ìròyìn sáà. Mísìsì kì í kọ ìròyìn ránṣẹ́ sílé, torí ọ̀pọ̀ òbí wa kò lè kà á. Ọmọ kíláàsì karùn-ún kan ló máa dìde lójú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ ìparí, á fi ẹnu sọ bí sáà ṣe lọ, láìwo ìwé.

Sẹ́nàmí ni Mísìsì mú lọ́dún yẹn. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe sọ ọ́: kó dúró ṣánṣán, kó kí àlùfáà, kó kí àwọn àlejò, kó sọ ti eré sísá tí a ti borí, kó sọ ti orin tí a kọ lọ́jọ́ ìkórè, kó dúpẹ́, kó lọ jókòó. Sẹ́nàmí mọ̀ ọ́n dáadáa. Òru nìkan ni kì í fi kọ́ ọ. Kò sì sọ fún Mísìsì pé òun kò ní padà wá mọ́. Mo ní kó sọ fún un. Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn."

Ìyá Àgbà kò tíì wá sí ilé-ìwé wa rí. Bàbá Músílíù ló mú kó wá. Ó bá a nídìí ààrò, ó ní, "Ìyá wọn, ẹni tó bá yín wo ọmọ, ẹ ò lè dákẹ́ jí ọmọ gbé lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ lọ dúpẹ́, kẹ́ ẹ gba ọmọ yín lójú gbogbo èèyàn." Ìyá Àgbà ronú sí i, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ." Ó ṣa èyí tó dáa jù nínú sáwá rẹ̀, ó tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tuntun, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Ẹja tí yóò fi gba ọmọ rẹ̀ padà nìyẹn, gbogbo wa ló sì mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìparí, ó wé gèlè funfun, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé itan nínú ọkọ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Sẹ́nàmí jókòó síwájú, ó ń wo omi. Bàbá Músílíù dá orin sílẹ̀ fúnra rẹ̀. A kò gbè é.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì la ti ṣe ayẹyẹ náà, nítorí òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Wọ́n rí apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, wọ́n rò pé ènìyàn pàtàkì ni, wọ́n fi í jókòó síwájú pátápátá. A gbàdúrà, a kọrin, wọ́n pe ipò, àwọn tó gbégbá orókè jáde wá gba abọ́ tánganran. Lẹ́yìn náà ni eré wòlíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn atukọ̀ jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n ń tu afẹ́fẹ́, wọ́n sì ju wòlíì sómi. Ẹja tó fẹ́ gbé e mì bá ń bọ̀: ẹní méjì tí wọ́n fi àwọ̀n àtijọ́ bò. Àgbà apẹja kan kò lè pa á mọ́ra níbi tó jókòó sí. "Ẹja wo lẹ̀ ń pè nìyẹn? Ẹja ló máa ń wọ inú àwọ̀n. Èmi ò rí ẹja tó wọ àwọ̀n láṣọ rí!" Ilé dà rú pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyá Àgbà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀yìn rẹ̀ mú.

Mísìsì wá lu agogo ọwọ́ rẹ̀, ó pe Sẹ́nàmí. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó dúró ṣánṣán bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó ní, "Mo kí àlùfáà ìjọ wa, mo kí..." Ojú rẹ̀ bá ojú Ìyá Àgbà àti apẹ̀rẹ̀ orí itan rẹ̀ pàdé. Gbogbo ohun tó kọ́ sá lọ. Mo rí i bó ṣe ń wá a kiri lókè àjà, tí kò rí i. Ó wẹ̀yìn, ó rí àpótí tí àwọn atukọ̀ eré fi sílẹ̀, ó sì fa ọ̀kan. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti jókòó lé e, lójú àlùfáà àti gbogbo ìjọ, ó pa ọwọ́ pọ̀ sórí itan bó ṣe máa ń ṣe nídìí ààrò wa. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ bojú. Mo wí nínú mi pé, Mawu, Ọlọ́run mi, ó ti parí.

"Èyí tí kò dáa rèé," Sẹ́nàmí wí.

Ẹ̀rín dákẹ́. "Ìjì ṣí òrùlé kíláàsì kejì nínú sáà yìí. Abẹ́ igi làwọn ọmọ náà ti ń kàwé títí dòní. Tí òjò bá rọ̀, ilé ni wọ́n ń lọ. Ibà dá tíṣà kíláàsì kẹta dùbúlẹ̀, ara wọn ò tíì le. Máwùtìn kò wá mọ́, ó ti bá bàbá ẹ̀ lọ sójú òkun. Viyọ́n kò wá mọ́, ó wà ní Kankon, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń pọ̀n. Mísìsì ṣì ń pe orúkọ wọn láràárọ̀. Tí wọ́n bá pè é, gbogbo wa máa ń dákẹ́."

Àlùfáà wo Mísìsì. Agogo wà lọ́wọ́ Mísìsì, ó sì ti gbé e sókè díẹ̀. Ohun tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin yẹn títí dòní ni ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ó fi ìka méjì di ahọ́n agogo náà mú kó má baà dún, ó sì mi orí sí Sẹ́nàmí pé kó máa bá a lọ.

"Èyí tó dáa rèé. A borí nínú eré sísá. Gbogbo ọmọ kíláàsì kìíní ló lè kọ orúkọ ara wọn, kódà ẹni tó máa ń kọ tiẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ tó ń kólòlò ka sáàmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sẹ́ni tó bá a kà á. Igi fúrúùtù so, tíṣà ò lé wa." Ẹ̀rín tún sọ, àtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Àgbà apẹja yẹn dìde. "Òrùlé ṣí, a ò gbọ́! Ta ló ní òòlù níbí? Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ọkùnrin tó bá ní ọmọ níbí, ká pàdé lókè kíláàsì kejì." Àwọn ọkùnrin dáhùn láti gbogbo igun. N ò rò pé ìròyìn eré sísá nìkan ì bá gbé ẹnikẹ́ni dìde.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Sẹ́nàmí ti sọ tiẹ̀ tán. Ìgbà yẹn ni ohùn Ìyá Àgbà jáde láti iwájú, ohùn ìdí ààrò, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

"Kí ló kù?"

Ọ̀rọ̀ náà ya òun gan-an lẹ́nu. Mo rí i tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Sẹ́nàmí la ẹnu láti dáhùn bí a ṣe máa ń dáhùn. Ó tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ó ku ọ̀rọ̀ tèmi, mà," ó wí.

Àwọn ènìyàn rò pé ara ètò ni. Mísìsì nìkan ló wo ọmọ, ó wo Ìyá Àgbà, ó sì wo apẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn òbí tó bá ní ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ bọ́ síwájú. Ìyá Àgbà dìde, ó gbé ẹja rẹ̀, ó lọ dúró níwájú Mísìsì. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó kọ́ nínú ọkọ̀. Mo dúró dè é. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Mísìsì, ẹ gba ẹja."

"Awanu, màmá," Mísìsì wí, ó fi Ègùn díẹ̀ tó gbọ́ dúpẹ́. "Kí la ó sọ pé ẹja yìí wà fún?"

"Ẹja ni," Ìyá Àgbà wí. "Ẹ jẹ ẹ́." Ó yí padà, ó lọ jókòó.

Agbẹ̀bí ni Sẹ́nàmí di lẹ́yìnwá ọ̀la, Ikoga ló sì ń gbé báyìí. Tó bá pè mí lórí fóònù, kì í kí mi tán kó tó ní, "Èyí tí kò dáa rèé," ọkọ rẹ̀ sì ti sọ fún un títí pé lọ́jọ́ kan, á dá ẹ̀jẹ̀ ríru sí mi lára. Mo sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó fi í sílẹ̀. Àwọn aboyún tó ń tọ́jú gbọ́kàn lé e gan-an, torí bó bá ti sọ fún wọn pé kò séwu, wọ́n mọ̀ pé kò séwu lóòótọ́.

Ọkọ̀ Bàbá Músílíù ló gbé wa padà sílé lọ́jọ́ ìparí yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà gbé ìkòkò ẹ̀wà kalẹ̀, ó fi ọmọrí dé e. Bàbá Músílíù wà níbẹ̀, ó ní òun ò lè lọ sílé láìjẹ ẹ̀wà. Sẹ́nàmí lọ jókòó sórí àpótí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

"Dìde níbẹ̀," Ìyá Àgbà wí.

Ó dìde. Ìyá Àgbà di òpó àtíbàbà mú, ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó ń mí kíkan, títí ó fi jókòó sórí àpótí kúkúrú yẹn. N kò tíì rí i níbẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ó pa ọwọ́ pọ̀ sórí itan.

"Èmi náà jáde lónìí," ó wí. "Èyí tí kò dáa rèé. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Ọwọ́ èmi nìkan ò lè yí sáwá ọdún yìí, èyí tó bá fẹ́ jóná á jóná." Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀. "Èyí tó dáa rèé. Mo lọ sí ilé-ìwé. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi, ó sọ ọ́ dáadáa. Tí Mísìsì bá pe orúkọ ẹ̀ láàárọ̀, á dáhùn."

Iná ààrò ń ta, òkun ń bú lẹ́yìnkùlé. Bàbá Músílíù fi ẹsẹ̀ gbún Sẹ́nàmí. Omi ti dà lójú ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ó bi í bó ṣe tọ́ ká bi ẹni tó bá jókòó síbẹ̀.

"Kí ló kù, mà?"

"Ó ku oúnjẹ," Ìyá Àgbà wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí wa. "Ẹ wá fà mí dìde."